Ẹsẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gé lára Bàbá: ta ló ni ín, níbo ló sì ń lọ?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i. Ìtọ̀ ṣúgà ti ba ẹsẹ̀ òsì Bàbá wa jẹ́. Ó ti dúdú láti ọmọ ìka dé ọrùn ẹsẹ̀, dókítà sì ní àwọn máa gé e lábẹ́ orúnkún ní Ọjọ́bọ̀. Nọ́ọ̀sì mú fọ́ọ̀mù wá pé ká fọwọ́ sí i kí ilé ìwòsàn lè bá wa palẹ̀ ẹsẹ̀ náà mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fọwọ́ sí i kíá, pé ẹran tó ti rà ni. Lémọ́ọ̀mù wa ní ká gbà á, ká wẹ̀ ẹ́, ká kírun sí i lára, ká sin ín. Àbúrò Bàbá ní ta ló gbọ́ ọ rí pé wọ́n ń kírun sí ẹsẹ̀ lára nígbà tí ẹni tó ni ín ṣì ń mí? Ọ̀rọ̀ ti di ariwo nínú ilé. Bàbá fúnra wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn ń wo ẹsẹ̀ náà. Kí la máa ṣe?

* * *

Má tíì fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù yẹn, ọmọ mi. Kì í ṣe pé fọ́ọ̀mù burú, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá ti gbé lọ sínú iná, kò sí bí o ṣe máa gbà á padà. Mo fi ọdún 22 ṣiṣẹ́ ní láàbù tí wọ́n ti ń yẹ ẹran ara èèyàn wò, mo sì wà lára àwọn tó ń wẹ òkú obìnrin ní mọ́sáláṣí wa títí dòní. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Òótọ́ wà lẹ́nu Lémọ́ọ̀mù yín, òótọ́ sì wà lẹ́nu àbúrò Bàbá. Sísin ni ẹ máa sin ín. Ìrun ni kò sí níbẹ̀. Ìrun òkú, àdúà fún ẹni tó ti kúrò láyé ni, Bàbá yín sì wà láàyè. Ohun tí wọ́n bá gé lára alààyè, aṣọ tó mọ́ la fi ń wé e, a ó gbẹ́ ilẹ̀, a ó bò ó mọ́lẹ̀. Wíwẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀ranyàn. Ẹ ò ní pe èrò jọ, ẹ ò sì ní máa wá ibi tí ẹ máa kọjú rẹ̀ sí. Kò pọn dandan kó jẹ́ itẹ́ òkú pàápàá. Ilẹ̀ tó mọ́, tí àwọn èèyàn ò ní máa tẹ̀ kọjá, tí ẹranko ò ní hú, ó ti tó.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ni mi ò bá gbà rárá. Ẹran tó ti rà kọ́ nìyẹn. Ẹsẹ̀ tó ń gbé Bàbá yín lọ kírun àsùbáà ni.

* * *

Ẹnìkan ní kí n mú ẹ̀rí wá, kí n yéé fi imú sọ̀rọ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, tí ìyá wa Áíṣátù, aya rẹ̀, gbà wá, tó wà nínú ìwé Abu Dawud àti ti Ibn Majah, àwọn onímọ̀ tó kó ọ̀rọ̀ Ànábì jọ, ló sọ pé fífọ́ egungun òkú dà bí ìgbà téèyàn bá fọ́ ọ nígbà tó wà láàyè. Ibi tí mo di ọ̀rọ̀ yìí mú nìyí: ara ò dẹ̀kùn láti jẹ́ ara èèyàn nítorí pé kò mọ ìrora mọ́. Ẹsẹ̀ tó wà nínú àpò ò mọ ìrora. Egungun òkú náà ò mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ Ànábì sọ ohun tó sọ.

Nínú Àlùkùránì, Súrà Al-Isra, áyà 70, Ọlọ́hun ní Òun ti pọ́n àwọn ọmọ Ádámọ̀ lé. Ọmọ Ádámọ̀ ló pè wọ́n, kò ní mùsùlùmí nìkan. Wọ́n gbé òkú Júù kan kọjá, Ànábì dìde dúró. Wọ́n ní, òkú Júù mà ni. Ó ní, ṣé kì í ṣe ẹ̀mí ni? Ó wà nínú ìwé Bukhari àti ìwé Muslim, tí àwọn náà kó ọ̀rọ̀ Ànábì jọ. Lójú ogun Uhud, àwọn ọ̀tá gé òkú Hamza, arákùnrin bàbá Ànábì, wọ́n sì la inú rẹ̀. Ó ká Ànábì lára gidigidi, ṣùgbọ́n ohun tó kọ́ àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ni pé wọn ò gbọdọ̀ gé òkú ọ̀tá wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Lẹ́yìn ogun Badr, òkú àwọn tó wá pa á ni wọ́n kó sínú kànga àtijọ́ kan, wọn ò fi wọ́n sílẹ̀ lórí yanrìn fún ẹyẹ.

Ẹni àkọ́kọ́ tó gbé òkú lọ́wọ́ láyé, tí kò mọ ohun tí yóò fi ṣe, ọmọ Ádámọ̀ tó pa arákùnrin rẹ̀ ni. Kannakánná ni Ọlọ́hun rán sí i pé kó máa fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀ lójú rẹ̀. Súrà Al-Ma'idah, áyà 31. Inú ilẹ̀ ni ibi tí wọ́n fi hàn wá látìgbà náà.

* * *

Ẹlòmíràn kọ ọ́ pé òkú ò mọ iye a ra agọ̀, pé kí a fi owó àti wàhálà tọ́jú alààyè. Mo mọ òwe yẹn, àwa tó ń wẹ òkú la sábà máa ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ohun tí òwe náà ń kìlọ̀ fún ni ìnáwó àṣehàn. Kò sí ìnáwó kankan nínú sísin ẹsẹ̀. Aṣọ funfun ọ̀pá kan, ọkọ́ kan, ọmọ méjì tó lágbára, wákàtí kan.

* * *

Ọgbẹ́ni tó ń tẹnu mọ́ ọn pé wọ́n kírun sí ọwọ́ lára rí: bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ ìtàn náà. Ogun Ràkúnmí ni, tí àwọn mùsùlùmí bá ara wọn jà ní ọdún 656. Ẹyẹ kan gbé ọwọ́ ọkùnrin kan fò, ó sì jẹ́ kó já bọ́ sí Mẹ́kà. Òrùka tó wà níka ni wọ́n fi mọ̀ pé ọwọ́ Abd al-Rahman ọmọ Attab ni, wọ́n sì kírun sí i lára. Imam Shafi'i, ọ̀kan nínú àwọn àgbà onímọ̀ òfin ẹ̀sìn wa, mú ìtàn yìí wá nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Ẹni tó ni ọwọ́ yẹn ti kú lójú ogun. Ọwọ́ yẹn ló ṣojú fún un. Àwọn tó ń tẹ̀ lé Shafi'i àti Ahmad ló gba bẹ́ẹ̀: bí apá kan lára òkú bá délẹ̀, wẹ̀ ẹ́, wé e, kírun sí i. Àwọn tó ń tẹ̀ lé Abu Hanifa, àgbà onímọ̀ òfin bíi tiwọn, ní àfi tó bá ju ìdajì ara lọ. Nítorí náà bí ọkọ̀ bá jóná, tàbí bí ilé bá wó, tí ọwọ́ nìkan sì lẹ rí, àríyànjiyàn yìí ló bá yín mu. Kò kan ẹsẹ̀ Bàbá tó ń bọ̀ wá jókòó sórí àga ní Ọjọ́ Àìkú.

* * *

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn, ibẹ̀ gan-an ló sì le.

Arákùnrin kan kọ̀wé pé wọn kì í gbé ẹ̀yà ara fún ẹbí, pé àrùn wà níbẹ̀, pé sísun ló mọ́ jù. Mo mọ ibi tó ti ń sọ̀rọ̀. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, àpò ọ̀rá kan tó nípọn ni wọ́n ń kó gbogbo rẹ̀ sí, ọkọ̀ á wá kó o lọ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ síbi iná ńlá. Àpò kan náà ni báńdéèjì tó lẹ́jẹ̀ ń bá ẹsẹ̀ èèyàn lọ. Kò sẹ́ni tó ní ìkà lọ́kàn. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò bá ti béèrè, inú àpò ló ń lọ.

Obìnrin kan wá ní ọjọ́ karùn-ún, ó ní òun wá gba apá ọkọ òun. Aṣọ funfun kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká a sí mẹ́rin. Ọkọ̀ ti kó o lọ lánàá ọjọ́ náà. Mo sọ fún un. Ó dúró díẹ̀, ó tún aṣọ yẹn ká títí ó fi kéré, ó sì fi í sínú báàgì rẹ̀. Kò bú mi, kò pariwo. Èmi ni mi ò rí oorun sùn. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń sọ fún gbogbo ẹni tí wọ́n bá fẹ́ gé nǹkan lára rẹ̀ pé kó béèrè kí wọ́n tó mú ọ̀bẹ, kó má dúró di ẹ̀yìn rẹ̀.

Ní ti sísun, Ànábì kọ̀ fún wa láti fi iná jẹ ohun ẹlẹ́mìí níyà, ó ní Olúwa iná nìkan ló ni ìyẹn. Àwọn onímọ̀ tó kórìíra sísun ẹ̀yà ara gbé e lé iyì tí Ọlọ́hun fún ara èèyàn. Bí àrùn burúkú kan bá wà tí òfin ìlera fi mú un ní dandan, ìnira ni, Ọlọ́hun kì í sì í di ohun tó ju agbára ẹ̀mí lọ rù ú. Ẹni tó béèrè tí wọn ò gbà fún, kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí ìtọ̀ ṣúgà bà jẹ́ kì í ṣe àrùn burúkú tó ń ràn lójú afẹ́fẹ́. Ìbọ̀wọ́ àti àpò tí kì í jò ló fẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe láàárín òní sí Ọjọ́rú nìyí. Kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ Bàbá. Mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mẹta: ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀, Lémọ́ọ̀mù sọ̀rọ̀, àbúrò Bàbá sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó bi ẹni tó ni ẹsẹ̀. Orí wọn pé, ẹnu wọn ṣì ń ṣiṣẹ́, àwọn ló ni àṣẹ. Bí wọ́n bá ní kí ẹ sin ín, ẹ kọ lẹ́tà lórúkọ wọn, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí ẹ̀dà kan wọ fáìlì, kí ẹ̀dà kejì wà lọ́wọ́ rẹ. Fún dókítà tó máa gé e gan-an, má fún ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Sọ pé àpò méjì ni kí wọ́n fi dì í, kí orúkọ wà lára rẹ̀, kí ó wà ní yàrá tútù títí ẹ ó fi dé. Bi wọ́n bóyá láàbù máa kọ́kọ́ mú díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò. Dárúkọ ẹni kan ṣoṣo tó ń bọ̀ wá gbà á, kó má jẹ́ pé mẹ́ta máa dé tí wọ́n á máa jiyàn lẹ́nu géètì.

Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó lọ gbà á. Kó jìn dé ìbàdí. Ẹ má tú àpò nínú ilé. Létí kòtò ni kí ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ ti yọ ọ̀rá kúrò, kó fi aṣọ wé e, kó gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ọ̀rá ò gbọdọ̀ bá a wọlẹ̀, torí ilẹ̀ ò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lára ohun tí wọ́n fi ọ̀rá dì.

* * *

Ìwọ tó kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀ nípa oyún tó wálẹ̀, mi ò ní dárúkọ rẹ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ dáhùn síbí torí mo mọ̀ pé ìwọ nìkan kọ́.

O ní wọ́n sọ fún ọ ní ilé ìwòsàn pé ọ̀sẹ̀ 20 ni, àáfà kan sì ní bí kò bá tíì pé oṣù mẹ́rin, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ka ọjọ́ náà dáadáa. Ilé ìwòsàn ń ka oyún láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí nǹkan oṣù tó kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀, ìyẹn sì fi nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìgbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 120 tí hádíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ Ànábì, fi sọ ìgbà tí wọ́n ń fẹ́ ẹ̀mí sí i, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 19 ni lórí ìwé ilé ìwòsàn. Ọmọ rẹ ti kọjá rẹ̀.

Ní ọ̀nà Ahmad, wọ́n ń wẹ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ń wé e, wọ́n ń kírun sí i lára. Hádíìsì tí Mughira, ọ̀kan nínú àwọn ọmọlẹ́yìn Ànábì, gbà wá, tó wà nínú ìwé Abu Dawud, ni wọ́n dì mú, pé wọ́n ń kírun sí ọmọ tó bá wálẹ̀, wọ́n sì ń tọrọ ìdáríjì àti ìkẹ́ fún àwọn òbí rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn yòókù ní àfi tó bá ké tàbí tó mira ni wọ́n ń kírun sí i, ṣùgbọ́n kò sí nínú wọn tó ní kí wọ́n jù ú nù. Èyí tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin náà, wọ́n ń fi aṣọ wé e, wọ́n ń sin ín.

O béèrè bóyá o lè fún un lórúkọ. Fún un lórúkọ.

Mo ti gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rí láti wẹ̀. Gbogbo ara rẹ̀ ò kún àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ ni mo lò, òwú ni mo fi nù ún, torí awọ rẹ̀ tínrín débi pé ọwọ́ lásán lè bó o. Èékánná ti ń yọ níka rẹ̀. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́yìn mi, kò fẹ́ wò, kò sì fẹ́ lọ. Nígbà tí mo dì í tán, ó ní kí n gbé e fún òun kí bàbá rẹ̀ tó gbé e jáde. Mo gbé e fún un. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ìyá kan pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ní ti olóbi ọmọ, sin ín. Kò gba wíwẹ̀, kò gba ìrun. Bí ilé ìwòsàn bá ti palẹ̀ rẹ̀ mọ́ kí o tó béèrè, má fi ìyẹn jẹ ara rẹ níyà.

* * *

Irun, èékánná, eyín, ẹ̀jẹ̀: mo rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ti gba ojú ewé méjì. Imam Ahmad fẹ́ràn kí wọ́n máa sin irun àti èékánná, ó ní Ibn Umar, ọmọlẹ́yìn Ànábì, ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sin ín, ó ṣeun. Ẹni tó bá kó o dànù síbi tó mọ́, kò dẹ́ṣẹ̀. Eyín tí wọ́n yọ, sin ín. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà fún àyẹ̀wò, dídànù ni, ìdọ̀tí ni ẹ̀jẹ̀ tó ti jáde lára. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ síwájú.

* * *

Arábìnrin tó ní haráámù ni kí láàbù tọ́jú ẹran ara ìyá òun sí àpótí fún ọ̀pọ̀ ọdún, jọ̀ọ́, fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ná.

Nígbà tí dókítà bá bu ẹran bíńtín níbi kókó, a ó kọ́kọ́ rì í sínú fọ́málíìnì kó má bàa jẹrà. A ó fa omi inú rẹ̀ gbẹ, a ó da ìda gbígbóná bò ó, yóò wá dì gbagidi bí ọṣẹ kékeré. Ó kéré ju páálí ìṣáná lọ. Ẹ̀rọ kan wà tí abẹ rẹ̀ mú gan-an, òun la fi ń bẹ́ ẹ, bíbẹ́ kọ̀ọ̀kan tínrín débi pé èèyàn lè to 15 lé ara wọn kí wọ́n tó nípọn tó irun orí kan. A ó tẹ́ ẹ sórí omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, yóò máa léfòó bí èéfín, a ó wá fi díńgí pẹlẹbẹ gbà á. Nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, mo máa ń sọ pé bísímílà kí n tó bẹ́ ẹ. Mi ò jáwọ́ nínú rẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ìda yẹn kì í ṣe ohun ìṣeré, kò sì sí fún ìwòran. Bí jẹjẹrẹ bá padà lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, èyí tó wà nínú ìda la máa mú wá fi wé tuntun, kí dókítà lè mọ̀ bóyá èyí àtijọ́ ló jí tàbí òmíràn ló dé. Ó lè wúlò fún ọmọ tó bí pẹ̀lú. Ìwòsàn ló wà fún, ìwòsàn sì ni Ànábì pa láṣẹ fún wa láti máa wá. Mi ò rí àbùkù kankan níbẹ̀, bí wọn ò bá fi ṣe ohun mìíràn láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Ibi tí mo ti bá ọ̀gá mi jà ni èyí tó ṣẹ́kù nínú ike. Lẹ́yìn tí a bá ti bu díẹ̀ fún ìda, odidi ọmú tàbí odidi ilé ọmọ á ṣì wà nínú fọ́málíìnì. Bí èsì bá ti jáde tán, kò sẹ́ni tó nílò rẹ̀ mọ́. Ìyẹn ni kí ẹ béèrè fún. Ẹ ní kí wọ́n da omi rẹ̀ nù kí wọ́n tó gbé e fún yín, torí fọ́málíìnì ń ta ojú, ó ń jó èèyàn lọ́fun. Ẹ má sì ṣe ṣí i nínú yàrá tó pa dé.

* * *

Fífún ẹlòmíràn ní kíndìnrín àti ojú: ọ̀rọ̀ yìí fẹ́ ojú ewé tirẹ̀. Ní ṣókí, àpéjọ àwọn onímọ̀ fíkí, ìyẹn òfin ẹ̀sìn, tó wáyé ní Jẹ́dà ní oṣù kejì ọdún 1988 gbà á láàyè, bí òkú náà bá ti yọ̀ǹda kó tó kú tàbí bí àwọn ajogún rẹ̀ bá yọ̀ǹda, bí ẹ̀mí tàbí ìlera ẹlòmíràn bá rọ̀ mọ́ ọn, tí kò sì sí títà nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan ò gbà. Àáfà Sha'rawi ti Íjíbítì wà lára wọn, ó ní ara kì í ṣe tìrẹ tí o fi máa fi í tọrẹ. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ yẹn, torí òótọ́ ni pé amáánà, ohun tí Ọlọ́hun fi sí wa níkàáwọ́, ni ara jẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti sọ fún àwọn ọmọ mi pé bí ojú mi bá lè wúlò fún ẹnìkan, kí wọ́n yọ̀ǹda, kí wọ́n sì rí i pé wọ́n rán ibẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó wẹ̀ mí. Títà ni gbogbo wọn panupọ̀ kọ̀.

Líla òkú láti yẹ inú rẹ̀ wò náà bẹ́ẹ̀. Ìpàdé àwọn onímọ̀ fíkí ní Mẹ́kà ní ọdún 1987 gbà á fún ìwádìí ọ̀ràn ikú, fún mímọ àrùn àti fún ẹ̀kọ́ ìṣègùn, níwọ̀n ìba ohun tó pọn dandan. Ó ní kí ó jẹ́ obìnrin ló máa la òkú obìnrin àfi bí kò bá sí, kí gbogbo ohun tí wọ́n gé sì padà wọ ilẹ̀. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni kí ẹ di mú. Bí wọ́n bá gbé òkú yín jáde, ẹ béèrè pé, ṣé gbogbo rẹ̀ ló wà níbí? Mo ti wẹ òkú tí a ti sin tán kí wọ́n tó pè wá pé ọkàn rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ wọn. Níbi tí ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara bá wà, ẹ lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ìyẹn ṣe é dípò ọ̀bẹ. Nígbà mìíràn ó máa ń tó.

* * *

Ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà tó béèrè nípa àpótí egungun tó rà lọ́wọ́ ẹni tó ṣáájú rẹ̀: inú mi dùn pé o béèrè, torí ọ̀pọ̀ kì í béèrè.

Mo wọ yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan nígbà kan, agbárí èèyàn ni wọ́n fi dí ilẹ̀kùn kí afẹ́fẹ́ má bàa tì í. Mi ò bá wọn jà. Mo gbé e kúrò nílẹ̀, mo fi ìborùn mi bò ó, mo gbé bíríkì síbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn tẹ̀ lé mi jáde, ojú ń tì í, ó ní àwọn ti gbàgbé pé èèyàn ni.

Kíkọ́ ẹ̀kọ́ lára egungun ò burú, èyí tí wọ́n fi ike ṣe ló dára jù bó bá tó ọ. Èyí tó jẹ́ ti èèyàn gan-an, má tà á. Mo mọ̀ pé owó rẹ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n má tà á. Fi aṣọ wé e nígbà tí o kò bá lò ó, má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, má fi ya fọ́tò ẹ̀rín. Nígbà tí o bá parí, sin ín, kí ìwọ lò ó kẹ́yìn. Má wádìí ẹ̀sìn rẹ̀. O ti ka ọ̀rọ̀ Ànábì lókè, ṣé kì í ṣe ẹ̀mí ni?

* * *

Ẹni tó béèrè ìbéèrè ti padà wá. Ó ní wọ́n bi Bàbá, Bàbá sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́rin. Wọ́n ní kí wọ́n sin ín sí ẹ̀yìn ilé, lápá ibi tí oòrùn ti ń yọ. Wọ́n ti gé e, wọ́n ti gbà á, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an ló gbẹ́ ilẹ̀. Ọlọ́hun ṣeun. Ó wá ní ìbéèrè méjì ló kù lẹ́nu Bàbá: báwo ni àlùwàlá ṣe máa rí, àti pé ṣé ẹsẹ̀ náà máa padà rí òun lọ́jọ́ àjíǹde?

Àlùwàlá rọrùn. Abẹ́ orúnkún ni wọ́n ti gé e, ó sì ga ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ, nítorí náà kò sí ohun tó kù láti fọ̀ lẹ́sẹ̀ òsì. Ọ̀tún nìkan ni. Bí wọ́n bá ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá fún wọn lọ́la, kò sí pé wọ́n ń fọ̀ ọ́ fún àlùwàlá.

Ìkejì, ka Súrà Al-Qiyamah, áyà 3 àti 4 fún wọn. Ṣé èèyàn rò pé A ò ní kó egungun òun jọ ni? Bẹ́ẹ̀ ni, A lágbára láti to ọmọ ìka rẹ̀ pàápàá bó ṣe wà. Kò sí ìdí tí ẹ fi máa hú ẹsẹ̀ náà lọ bá wọn bí ọjọ́ wọn bá pé, kí ẹ̀mí wọn gùn. Ibi tó wà yẹn náà, Ọlọ́hun mọ̀ ọ́n.

Kí o wá bá mi ṣe nǹkan kan. Ẹsẹ̀ ọ̀tún tó kù, máa gbé e sórí itan rẹ lálaalẹ́, kí o tan iná sí i dáadáa. Wo àtẹ́lẹsẹ̀, wo gìgísẹ̀, ya àwọn ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí o wo àárín wọn. Nu àárín ìka gbẹ lẹ́yìn àlùwàlá kọ̀ọ̀kan, má jẹ́ kí omi dúró síbẹ̀. Wọn ò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ lásán tẹlẹ̀, kódà nínú yàrá. Bí o bá rí ojú egbò tó kéré bí orí abẹ́rẹ́, má dúró kí ó dùn wọ́n, torí ó lè má dùn wọ́n rárá. Gbé wọn lọ lọ́jọ́ náà.